Agogo Tí N Kò Lù Nínú Kùrukùru

Ẹ fa àga, ẹ jókòó. Ẹ̀yin ará abúlé mi, mo ránṣẹ́ pè yín nítorí ọ̀rọ̀ kan ti ń bẹ nínú mi tipẹ́, n kò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Madlaina, àbúrò mi, ìwọ ni kí o sún mọ́ mi jù. Bọ́ sí apá ibí, kí etí rẹ tó dára lè kọjú sí mi.

Láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yìí ni kùrukùru ti ń wá bá mi. Á rọra sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, á bo igi, á bo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì ní mọ̀ mọ́ bóyá mo sùn ni àbí mo jí. Inú rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ bàtà ọkùnrin kan tó ń gòkè lọ, tí kì í débì kankan.

Anselm ni, olùkọ́ tó ti ìlú ìsàlẹ̀ wá. Ẹ rántí rẹ̀. Ó ní òun ti rìn láti abúlé dé abúlé lórí òkè Súwísì wa yìí, òun ń wá ohun gbígbóná kan tó ṣeé mu, òun kò rí. Mo gbé kọfí síwájú rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ má bínú o. Ṣé kọfí nìyí, àbí omi tí ẹ fi ṣan ìkòkò kọfí?" Gbogbo ilé ìtura mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ọ̀gá, ẹ gòkè lọ bá Madlaina àbúrò rẹ̀. Tí ẹ bá mu ṣokoléètì tirẹ̀, ẹ máa gbàgbé ọ̀nà ilé." Ọkùnrin náà gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fi kọfí mi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Wàrà kan náà ni èmi àti Madlaina ń lò. Ìyá kan náà ló kọ́ wa. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àlejò ń wọ́ lọ. Ilé tèmi wá di ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀nà.

Ẹ sì mọ àṣà wa. Bí kùrukùru bá bolẹ̀ tí àlejò gòkè, ilé ìsàlẹ̀, ìyẹn ilé tèmi, á lu agogo màlúù ńlá tó wà lẹ́yìn ilé. Bí ilé òkè, ti Madlaina, bá ti gbọ́, wọ́n á gbé wàrà kaná. Bí wàrà bá hó tí àlejò kò tíì dé, wọ́n á mú fìtílà àti ajá, wọ́n á wá a lọ.

Kùrukùru bolẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo di okùn agogo mú. Mo ní nínú ara mi pé, jẹ́ kó débẹ̀ kó bá iná tó ti kú, kó fi Madlaina náà ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́, àgbàyà tí mo jẹ́. Mo fi okùn sílẹ̀. Gieri ọkọ mi, kí ilẹ̀ dẹ̀ fún un, ń la igi níbẹ̀. Ó ní, "Seraina, o ò ní lu agogo ni?" Mo ní, "Ìsàlẹ̀ ló gbà lọ." Gieri ti rí i tó gòkè. Ó wò mí títí, ó ní, "Tóò," ó bá tún ń la igi rẹ̀ lọ. A ò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí kùrukùru ká lọ́jọ́ kejì, ẹ bá a lẹ́bàá odò, ó fẹ̀yìn ti òkúta bí ẹni tó ń sinmi, yìnyín ti bo irùngbọ̀n rẹ̀. Bóyá ẹ rò pé ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi parí sí. Rárá o. Ẹ gbé òkú rẹ̀ wọ ilé mi, ẹ bi mí pé, "Seraina, ṣé o lu agogo?" Madlaina dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Mo lù ú títí apá fi ń ro mí." Mo wá yíjú sí i, mo ní, "Àbúrò mi, àbí etí rẹ tí ibà ọjọ́sí bà jẹ́ nì ni?" Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Ó fọwọ́ bo etí náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà nílé o. Mo jókòó jẹ́ẹ́. N ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti pa èèyàn."

Ó ti ilé ìtura rẹ̀ pa. Ó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi gbé, ó ń po ṣokoléètì fún àwọn àlejò mi, èmi ni mo ń gba ìyìn. Kò fẹ́ ọkọ. Ó ní òun lè má gbọ́ ẹkún ọmọ. Títí dòní, bí kùrukùru bá ti bolẹ̀, á fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé agogo nìyẹn?" Èmi á ní kì í ṣe agogo, èmi á sì kọjú sí ògiri.

Madlaina, jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. N ò lù ú. Ẹnikẹ́ni ò lu agogo lọ́jọ́ náà. Kò sóhun tó yẹ kí o gbọ́ tí o ò gbọ́. Ojú ń tì mí láti ní kí o dárí jì mí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, dárí ji etí rẹ.