Gíláàsì Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dá Òfì Yèyé Dúró

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má wò ó pé ara mi le, kí ẹ wá rò pé kò sí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, ìyá mi wà láàyè, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń kọjá níwájú ilé wa ní Kàbà, tó dúró, tó ní, "Ọmọ yìí mà ṣe ìyá rẹ̀ lóore o, ẹ wo yàrá gíláàsì," ńṣe ni ọ̀rọ̀ náà máa ń gún mi bí àfọ́kù. Èmi ni mo mọ bí oore yẹn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Àfẹ́sọ́nà mi wá ní kí a lọ ṣe irú rẹ̀ fún ìyá tirẹ̀ náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa bá yín sọ̀rọ̀.

Mi ò kàwé púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, tí gbogbo Lọ́kọ́ja di ibi ìkọ́lé, mo tẹ̀lé àǹtí mi lọ síbẹ̀ láti máa ta oúnjẹ fún àwọn bíríkìlà. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gé gíláàsì la pàtẹ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn gbá àfọ́kù, mo di ẹni tó ń bá wọn di gíláàsì mú, nígbà tó yá, ọ̀gá wọn gbé irin kékeré tí wọ́n fi ń gé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Fà á lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá padà sórí ẹ̀, á fọ́." Bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Àpá rẹ̀ wà ní àtàǹpàkò mi títí dòní.

Alámọ̀ ni ilé tí bàbá mi kọ́ kó tó kú, síméńtì ni wọ́n fi rẹ́ ojú rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kéré, inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òfì ìyá mi wà, òfì obìnrin, èyí tó máa ń dúró ti ògiri. Yèyé ni gbogbo wa ń pe ìyá mi. Ọnà kan wà tó máa ń hun sára aṣọ, tí ẹlòmíràn kì í hun ládùúgbò wa; ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á. Láti Ìyàrà títí dé Ògìdì, àwọn tó fẹ́ gbé ìyàwó á wá bẹ̀ ẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Bí mo bá wálé, mo máa ń bá a níbi tó ti ń fi ìka tọ́ òwú wò bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Ó ní, "Òwú dúdú àti òwú aláró ti di ọ̀kan náà lójú mi."

Kí ni ẹ rò pé ọmọ tó ń gé gíláàsì máa ṣe? Mo ní màá fa yàrá kan yọ níwájú ilé, kí gíláàsì yí i ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò bàbá mi, ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní, "Ṣé búrẹ́dì ni ìyá rẹ, tí o fẹ́ fi í sínú ṣóò gíláàsì?" Yèyé náà bi mí ohun tí mo fẹ́ kọ́. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi, pé tó bá rí i, á dùn mọ́ ọn nínú. Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò dáhùn ńkọ́?

Mo fi fóòmù àtijọ́ wé àwọn gíláàsì náà, mo gbé wọn lé itan láti Lọ́kọ́ja, mo ń bẹ dírẹ́bà ní gbogbo ibi tí kòtò wà. Káfíńtà bá mi kan férémù, èmi fúnra mi ni mo fi pọ́tì lẹ gíláàsì mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí a gbé òfì síbẹ̀, Yèyé mú òwú kan, ó gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Àṣé pupa lèyí? Látọjọ́ yìí, mo ti ń pè é ní dúdú." Bí ọmọge ló ṣe ń hun aṣọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi pẹ̀lú ìdùnnú.

Nígbà tí mo tún wálé, ó ti fi ìró àtijọ́ bo òfì náà. Ó ní ìbàdí ń ro òun. Mo ra òróró ìpara fún un. Mo tún dé, ìró náà ò tíì ṣí. Àwọn ará Ògìdì wá gbé iṣẹ́ ìgbéyàwó wá, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ẹni tí òwú rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ wá ń jókòó, ó ń káwọ́ lérí. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo sunkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sórí àpótí Yèyé nídìí òfì, mo ń nu gíláàsì. Ìyá Rẹ̀mí ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Òun náà ń hun aṣọ, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kan náà sì lòun àti Yèyé ń ṣe. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ àgbàdo, ó ń ṣà á. Mo ṣí ìró kúrò lórí òfì àti aṣọ tí Yèyé ò tíì hun tán, kí n lè gbọn eruku rẹ̀. Bí mo ṣe ṣí i báyìí ni Ìyá Rẹ̀mí fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ títì. Ó gbójú sókè wo ọ̀dọ̀ wa, ó to àgbàdo funfun. Ó tún wo òkè, ó to pupa tẹ̀ lé e. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣa àgbàdo nìyẹn? Mo sọdá lọ kí i. "Okun o, Ìyá Rẹ̀mí." Kó tó dá mi lóhùn, ó ti fi ọwọ́ da gbogbo rẹ̀ rú. Ṣùgbọ́n igun kan ṣẹ́ kù létí àtẹ. Ọnà ìyá mi ni, tí wọ́n fi àgbàdo tò.

Mo sáré padà sílé. "Yèyé, ṣé ẹ mọ ohun tí Ìyá Rẹ̀mí ń ṣe?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

"Ẹ ò wá sọ nǹkan kan?"

"Kí ni kí n sọ? Kí n ní ó fi ojú jí nǹkan mi? Orí rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà, ara ilé mi ni gíláàsì wà. Ta ló gbé e síbẹ̀?" Ó wò mí, ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Ìwọ náà ń yọ̀. Mi ò fẹ́ ba ayọ̀ rẹ jẹ́."

Mo ní kí a fi kọ́tìnnì sí i. Ó ní, "Kí a fi owó wá ìmọ́lẹ̀ tán, kí a tún fi aṣọ bò ó?"

Lọ́tẹ̀ yìí, mo bi í léèrè. Níbo ni wọ́n ti ń rí iṣẹ́ yín? Níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé? Ó jókòó, ó na ọwọ́, ó fi hàn mí. Mo lọ sí Lọ́kọ́ja, mo ra gíláàsì oníkókó tí wọ́n ń fi sí fèrèsé ilé ìwẹ̀, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ṣùgbọ́n tí ojú ò lè là já. Mo yọ ti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tó fi ọwọ́ hàn mí, mo fi èyí dípò rẹ̀. Mo fi ti òkè sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run lè máa wọlé, Yèyé sì ṣí ìró kúrò lórí òfì.

Kò pẹ́ tí Ìyá Rẹ̀mí fi dúró létí títì. "Ìyá Dàre," orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ń pe Yèyé, "inú kùrukùru lo wá ti ń hun aṣọ báyìí?"

Yèyé ò dá ọwọ́ dúró. "Ilẹ̀kùn mi ò tì. Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ mi, kó fi ẹsẹ̀ wọlé, kó má fi ojú nìkan wá."

Ó gba ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ ó wọlé. Ó mú iṣu lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa wò. Yèyé fún un ní àpótí, ó sì kọ́ ọ ní ọnà kan. Mo bi Yèyé lẹ́yìn náà bóyá èyí tí obìnrin náà ń wò lójú títì ni. Ó ní, "Rárá o. Ìyẹn, kò tíì bèèrè rẹ̀."

Ní báyìí, àwọn méjèèjì jọ máa ń jókòó níbẹ̀, wọ́n á máa bú ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń gbọ́ pákó tí Yèyé fi ń na òwú mọ́ra. Ọkàn mi balẹ̀.

Àfẹ́sọ́nà mi ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ọmọ Odò-Ẹrẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ilé ni ìyá rẹ̀ ti máa ń bó ẹ̀gúsí, á tú gèlè sílẹ̀, á máa fi orin bú ọkọ rẹ̀ tó ti kú, á sì máa dá ẹ̀rín rín. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yọ sí i, orin dákẹ́, ó wá gèlè rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí a fi gíláàsì kọ́. Ó ní kí n má sọ, kó lè bá màmá rẹ̀ lójijì. Ó ń fi ọwọ́ wọn ilẹ̀ kiri, inú rẹ̀ ń dùn, bí inú mi ṣe dùn nígbà náà gẹ́lẹ́. Mo mọ bí a ṣe ń gé gíláàsì tí kò fi ní fọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nílé ọkọ, ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ fún ọkùnrin tí inú rẹ̀ ń dùn pé kó kọ́kọ́ lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè bóyá ó fẹ́ gíláàsì níbi tó ti ń kọrin.