Ìrìn Ọ̀mùtí Níwájú Dígí

Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí já bọ́ lẹ́nu mi láàárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá, mi ò sì pè é. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ tán, kí orí mi tó tún dà á rú.

Aláwàdà orí ìtàgé ni mí. Ó di ọdún mẹ́fà tí àrùn Pákínsìn ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkàn ò sì gba nǹkan méjì pọ̀ mọ́. Bí mo bá ń rìn tí mo tún ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì á dáwọ́ dúró, èmi á sì wà nílẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ wa ní ilé ìwòsàn bí a ṣe ń dúró láìṣubú, Olùkọ́ Ìrìn là ń pè é, ti kìlọ̀ fún ìyàwó mi pé, "Màámi, bí wọ́n bá gbé nǹkan dání, ẹ má pè wọ́n."

Lọ́jọ́ kan, mo gbé tíì sórí tíréè, mo ń bọ̀ láti ilé ìdáná. Mo rí ara mi nínú dígí pálọ̀, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ ìrìn ọ̀mùtí, ìrìn tí mo fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín láyé ijọ́un. Èmi àgbà òpònú. Ìṣísẹ̀ kejì ló là mí mọ́lẹ̀. Ọrùn ọwọ́ mi kán. Ìyàwó mi sáré wọlé, ó ń pe, "Bàbá wọn, Bàbá wọn."

Nílé ìwòsàn, ó ń gbọ̀n jù mí lọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, orí mi dàrú. Ṣé mo ti ń pè yín kí ẹ tó ṣubú ni, àbí lẹ́yìn tí mo gbọ́ ariwo?"

Ojú tì mí. Ṣé kí n sọ pé dígí ni mò ń ṣàwàdà fún? Mo ní, "Kí n tó ṣubú ni. Ohùn rẹ ló gbé mi ṣubú."

Ìwà ìkà mi nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ láti máa ṣọ́ mi. Fún oṣù mẹ́jọ, ó dákẹ́ bí ẹni gbómi sẹ́nu, ó ń fọwọ́ júwe oúnjẹ fún mi. Mo gba irọ́ náà gbọ́ débi pé èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn rẹ̀ ṣáájú ìṣubú. Àbí ó tilẹ̀ pè mí ni? Rárá, kò pè mí.

Lọ́jọ́rú yẹn nílé ìwòsàn, Olùkọ́ Ìrìn ní kí n máa tẹ téèpù funfun tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kí n gbé ife omi dání, kí n sì máa sọ bí mo ṣe ṣubú, kí ọkàn mi lè tún kọ́ bí a ṣe ń ṣe nǹkan méjì pọ̀. "Ẹ má dúró o, Bàbá. Ẹ máa rìn, ẹ máa sọ ọ́." Ìyàwó mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé bàtà mi lé itan.

Irọ́ fẹ́ àfiyèsí, ẹsẹ̀ sì ti gba gbogbo èyí tí mo ní. Mo kàn gbọ́ ẹnu mi tó ń sọ pé, "Kò sẹ́ni tó pè mí. Ìrìn ọ̀mùtí ni mò ń rìn níwájú dígí."

Olùkọ́ Ìrìn pàtẹ́wọ́. "Omi ò dà rárá, Bàbá. Ẹ ò tíì rìn dáadáa báyìí rí."

Ìyàwó mi ní, "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Mo ń retí ẹkún, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín, ó dá tirẹ̀ dúró, ó ní,

"Oṣù mẹ́jọ, Bàbá wọn. Ẹnu ara mi ni mo sọ di ọ̀tá."

Ó kó bàtà fún Olùkọ́ Ìrìn. "Ẹ bá mi wọ̀ ọ́ fún wọn. Mo ń lọ bá ọ̀gá iléèwé, bóyá wọ́n á gbà mí padà sẹ́nu iṣẹ́."

Wọ́n gbà á padà. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kí mi lálẹ́, kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò mọ̀ bóyá ó ti forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú bá bi yín léèrè òótọ́, ẹ má fi ìdàrúdàpọ̀ rẹ̀ bo ìtìjú yín. Ìyá wọn, mo bẹ̀ ọ́, máa sọ̀rọ̀ nínú ilé. Bí mo bá tún ṣubú, èmi ni mo ṣubú.