Omi Dídùn Nínú Ihò Oníyọ̀

ARUKUDI: Hẹ́lò? Ekidor, àbúrò mi! Ṣé dáadáa lo wà ní Lodwar?

EKIDOR: Dáadáa ni, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ewúrẹ́ ńkọ́?

ARUKUDI: Wọ́n wà. Lọ́rì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ já páìpù sínú odò gbígbẹ. Ṣé o gbọ́ mi?

EKIDOR: Pọ́ǹpù wa ti dé nìyẹn! Ẹ jó, ẹ yọ̀!

ARUKUDI: Ẹ̀gbẹ́ ihò omi tí Bàbá Loruman gbẹ́ ni wọ́n já a sí.

EKIDOR: Ibẹ̀ náà ni. Èmi fúnra mi ni mo fi ẹ̀rọ wọn omi ibẹ̀. Kò jìn, kò níyọ̀, ó mọ́ gaara—

ARUKUDI: Kò níyọ̀? Ihò tí ràkúnmí gan-an kọ omi rẹ̀?

EKIDOR: Ẹ̀rọ kì í parọ́, ẹ̀gbọ́n mi.

ARUKUDI: Èèyàn ló parọ́ fún ẹ̀rọ. Ṣé o gbọ́ mi?

[Atẹ́gùn ń fẹ́]

EKIDOR: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí—

ARUKUDI: Mo ní, láàárọ̀ ọjọ́ tí o gbé ẹ̀rọ wá, mo bá ihò tèmi tó gbẹ táútáú. Wọ́n ti fa ọgbà ẹ̀gún mi ya. Àná ni ìyàwó Bàbá Loruman ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́. Kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi gbé omi mi lọ dà sínú ihò tiwọn! Wọ́n tún da ewúrẹ́ lọ yàgbẹ́ yí i ká, kó lè jọ ibi tí ẹran ti ń mumi. Ẹ̀gbin!

EKIDOR: Ẹ̀gbọ́n mi—

ARUKUDI: Pe àwọn onílọ́rì. Kí wọ́n kó páìpù wá sọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀. Pọ́ǹpù kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa. Tí wọ́n bá rì í síbẹ̀ yẹn, omi iyọ̀ làwọn ọmọ yóò máa mu. Ṣé o gbọ́ mi?

EKIDOR: Mo gbọ́.

ARUKUDI: Kí ló dé tí ẹnu ò yà ọ́?

EKIDOR: Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé—

ARUKUDI: Háà. Ekidor. O mọ̀.



EKIDOR: Ràkúnmí làwọn àna mi ń bèèrè, a ò sì ní tó. Bàbá Loruman ní òun á fi tòun kún ẹran ìdána mi. Wọ́n tutọ́ sí mi lọ́wọ́, wọ́n fi súre fún mi—

ARUKUDI: Nù ún kúrò! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà! Ihò tèmi yìí ni mo ti ń bu omi fún ọ mu kí eyín tó hù lẹ́nu rẹ. Ó ń rí mi lára pé mo pọ̀n ọ́.

EKIDOR: Ẹ má bínú. Tí mo bá ti gbéyàwó tán, màá wá pọ́ǹpù mìíràn—

ARUKUDI: Mú ìyàwó náà wá. Èmi ni màá gbé omi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láti inú pọ́ǹpù yẹn ni màá ti pọn ọ́n. Kí o dúró tì í, kí o sọ fún un pé kò níyọ̀.

[Irin ń lu irin]

EKIDOR: Ariwo kí nìyẹn?

ARUKUDI: Wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀.

EKIDOR: Ẹ̀gbọ́n mi... ẹ sáré! Ẹ fún wọn ní fóònù, kí n bá wọn sọ̀rọ̀— Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ fún wọn ní fóònù! Ṣé ẹ gbọ́—

[Fóònù já]