Ebi Kọ́ Ló Pa Ẹja Alhaji Ládòkun

Ẹ gbé ẹran yẹn sílẹ̀ ná. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaji Ládòkun lónìí ọdún Iléyá, ẹ nu ẹnu yín, kẹ́ ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti há sí mi lọ́fun láti ọdún tó kọjá, bí mi ò bá bì í jáde lónìí, á pa mí. Ẹ má sì rò pé torí mo fẹ́ràn yín ni mo ṣe ń sọ ọ́ o. Mi ò fẹ́ràn yín. Kò séyìí tó dáa nínú yín, èmi ni mo kàn burú jù.

Ẹ mọ̀ mí, èmi Àríyọ̀ tí mò ń bọ́ àgbò. Ní gbogbo Ṣakí títí dé Òfìkì, kò sẹ́ni tó lè mú àgbò sanra tó mi. Èyí tó wà lẹ́nu yín yẹn, èmi ni mo bọ́ ọ. Lánàá, nígbà tó dìde, ògiri ẹ̀yìnkùlé mì. Èyí tí mo bọ́ ṣáájú ẹ̀, ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ ni àwọn kan gbọ́ tí wọ́n sáré kó èlùbọ́ wọlé, wọ́n rò pé òjò ń bọ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò ní pẹ́.

Ẹnu yìí náà ló pa àwọn ẹja. Ẹ rántí àwọn tí Alhaji kọ́kọ́ kó dé láti Kútọnu, tí wọ́n wà nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ níbẹ̀ yẹn, àwọn ẹja dúdú ńlá tí àmì pupa kéékèèké wà lára wọn bí ẹyín iná, tí wọ́n ń pè ní Ọ́sìkà. Èmi ní ẹpìyà lásán ni wọ́n, ẹpìyà tó lọ sókè òkun tó wá ń yanga. Sàfúrátù ló ń tọ́jú wọn, ọmọ àbúrò Alhaji tó ti dolóògbé. Ọmọ yẹn mọ̀wé. Ó ka ara ike oúnjẹ wọn, ó wò ó lórí fóònù, ó ní oúnjẹ oníkóró yẹn ni iyán àti ọkà wọn lójoojúmọ́. Edé àti ekòló lè jẹ́ ìpápánu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹran màlúù, rárá, ọ̀rá ẹ̀ kì í dà nínú ẹja. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Sàfú, ṣé adìyẹ lò ń sìn ni? Ẹja tó tó ọmọ ọdún méjì, ò ń fún un ní kóró bí ẹni ń gbin àgbàdo." Ó ní, "Bùọ̀dá Àríyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá àgbò yín. Ẹja ò níwo." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìwọ Ọlásúnkànmí, ìwọ lo rẹ́rìn-ín jù. Mo ní ó dáa, màá fi hàn yín.

Alhaji lọ sí Mẹ́kà fún Úmúrà. Sàfúrátù náà fẹ́ lọ sí Ìṣẹ́yìn, ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé ìwé nọ́ọ̀sì tí Alhaji ti ṣèlérí pé òun máa rán an lọ. Ó gbé ike kóró lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ̀nba ni o. Bí wọ́n bá wá sójú gíláàsì tí wọ́n ń mi ìrù, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ̀bẹ̀ ni, ebi kọ́." Mo ní mo ti gbọ́. Kò tíì dé gáréèjì tí mo fi dé odò ẹran. Mo ra ọkàn màlúù, mo tọrọ ọ̀rá sí i, mo gé e wẹ́wẹ́, mo fi èèrí bàbà pò ó, bí ẹni ń múra Iléyá sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n jẹ. Wọ́n ń fò jáde nínú omi, díẹ̀ ló kù kí wọ́n bá mi dé ojúlé.

Sàfúrátù dé, ó da kóró fún wọn, wọ́n tu ú jáde. Wọ́n kẹ́yìn sí i bí ìyàwó tó ń bínú. "Bùọ̀dá, kí lẹ fún wọn?" Mo ní, "Ohun tó o ní kí n fún wọn." Ó ní kò burú, òun á fi wọ́n sílẹ̀ láìjẹun fún ọjọ́ díẹ̀, ebi á dá wọn padà sídìí kóró. Etígbọ̀ọ́ gbogbo ilé ló ti sọ ọ́, kò fi bò. Àmọ́ bó bá ti jáde báyìí, lọ́sàn-án gangan, èmi á yọ́ wọlé, màá fún wọn lọ́rá. Mo fẹ́ kí Alhaji dé kó bá ẹja tó sanra bí àgbò, kó ní iṣẹ́ Àríyọ̀ nìyí. Wọ́n sì sanra. Ikùn wọn wú, ojú wọn yọ síta, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ wẹ̀. Èmi ń sọ lọ́kàn mi pé bí àgbò ṣe ń mí náà nìyẹn bó bá yó tán. Òmùgọ̀. Kí Alhaji tó dé, gbogbo wọn ti léfòó.

Alhaji dúró níwájú gíláàsì pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ní, "Ta ló pa wọ́n?" Ẹnu tèmi ló kọ́kọ́ là. Mo ní, "Alhaji, Sàfúrátù ló febi pa wọ́n. Ẹ bi gbogbo ilé, ó ní wọn ò gbọdọ̀ jẹun." Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni, torí wọ́n gbọ́ ọ lóòótọ́. Sàfúrátù ò sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká la inú wọn. Ẹni tébi pa kì í ní nǹkan níkùn." Mo sáré kó wọn sínú garawa, mo ní kí n lọ fi ọ̀bẹ là wọ́n wá. Lẹ́yìn ọgbà, mo la ọ̀kan. Ọ̀rá funfun ló kún inú ẹ̀, ó dì gbagidi bí ìkòkò ẹran tó sùn síta nígbà ọyẹ́. Mo wo ọ̀rá yẹn, mo wẹ̀yìn wò, mo sì súfèé pe àwọn ajá Ògúndèjì, ọdẹ ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Wọ́n jẹ wọ́n tán tegungun tegungun. Mo padà wá, mo ní ajá ló já wọn gbà lọ́wọ́ mi.

Kò sẹ́ni tó bi mí pé ajá ta ni. Alhaji kàn ní, "Ẹni tó febi pa ẹja, ṣé aláìsàn ni yóò tọ́jú?" Bọ́rọ̀ nọ́ọ̀sì ṣe parí nìyẹn. Alhaja Àwáwù, ìyàwó Alhaji, gbé ẹrù ọmọ ọlọ́mọ síta. Ẹ̀yin náà ẹ ní ọwọ́ ẹ̀ burú, àwọn kan nínú yín ní àjẹ́ ni. Láti ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀ ló wà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ó ń bó ẹ̀gẹ́.

Alhaji ra ẹja mìíràn, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Kí lẹ rò pé mò ń fún wọn? Kóró ni, ìwọ̀nba. Wọ́n ń dán. Ẹ ń pè mí ní dókítà ẹja, mo sì ń dáhùn. Láàárọ̀ yìí, ọmọ náà wá kí Alhaji kú ọdún. Wọn ò jẹ́ kó kọjá géètì. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé abọ́ ẹran lọ bá a. Kò gbà á. Ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé kóró lẹ̀ ń fún wọn báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ṣáà má dá wọn lóhùn bí wọ́n bá ń bẹ̀bẹ̀." Ó yí padà, ó lọ. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Alhaji, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lù mí, ẹ̀yìn mi rèé, ó nípọn. Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ ń fẹnu mọ gbogbo iṣẹ́ bíi tèmi, ẹni tó mọ àgbò kó dúró ti àgbò. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbí, kò sí lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ lé ní géètì ló wà. Ẹ ń wò mí, ẹran ń tutù, ọ̀rá ẹ̀ ti ń dì. Alhaji, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín, ẹ jẹ́ ká lọ sí gáréèjì. Sàfúrátù ṣì máa wà níbẹ̀. Mọ́tò Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kì í tètè kún lọ́jọ́ ọdún.