Erùpẹ̀ Ìyá Nímọ̀tá

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó bá olúkúlùkù wa níbi tó jókòó sí, títí kan ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ. Jókòó, ọ̀gbẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́.

Ẹ̀tọ́ aládùúgbò ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run, Aláàánú ni, ó lè foríjì ọ́ kí o tó dìde lórí ẹní. Ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín ìwọ àti ẹnìkejì rẹ, àfi kí onítọ̀hún yọ̀ǹda. Bí kò bá yọ̀ǹda ńkọ́? Bí o kò bá rí i mọ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ń lọ.

Obìnrin kan wà ní Ìwó, opó ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Nímọ̀tá. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ẹ̀yìnkùlé tí kò ju yàrá méjì lọ. Ẹ̀yìnkùlé yìí ló ń bọ́ wọn. Tẹ̀tẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ata, òdú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀fọ́ wọ̀nyí kò le láti gbìn. Gbúre, bí o bá ti ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ tí o rì í mọ́lẹ̀, kò tún béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ilẹ̀ ni obìnrin yìí ń tọ́jú. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹyin, eérú ààrò, gbogbo ohun tí ìwọ ń dà sí gọ́tà, tí gọ́tà bá wá dí, o ó ní ìjọba ò ṣiṣẹ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ara yín. Òun, igun kan ló ń kó o jọ sí. Á da ìgbẹ́ adìẹ lé e, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, títí á fi jẹrà, tí á tutù, tí kò ní rùn mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Erùpẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó rọ̀, bí o bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ekòló lo máa bá.

Ògiri kan ló wà láàárín òun àti Alhaji Sùbérù. Alhaji yìí, ìlà àkọ́kọ́ ló ń kírun sí, tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà gbin ẹ̀fọ́. Ó ra ìgbẹ́ adìẹ tútù, ó dà á sílẹ̀ gbuu, gbogbo ẹ̀fọ́ jóná. Ló bá lọ bá obìnrin náà.

“Ìyá Nímọ̀tá, kí lo ń ṣe tí tìrẹ fi ń dára?”

“Alhaji, ilẹ̀ kì í jẹ oúnjẹ gbígbóná. Ẹ jẹ́ kó jẹrà, kó tutù ná. Bí ọdún bá yí po, ẹ ó rí i.”

“Ọdún kẹ̀? Ta ló máa dúró di ọdún nítorí ẹ̀fọ́?”

Owó wà, ilẹ̀ wà, sùúrù ni kò sí.

Nígbà tó yá, ìyá obìnrin yìí dùbúlẹ̀ àìsàn lábúlé. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó lọ tọ́jú rẹ̀. Alhaji wo ẹ̀yìnkùlé tí kò sí ẹnìkankan níbẹ̀. Ó pe lébìrà, wọ́n lu ògiri, wọ́n họ erùpẹ̀ dúdú náà títí wọ́n fi kan yangí, wọ́n fi bárò tì í wọlé Alhaji, wọ́n sì mọ ògiri padà. Ó sì sanwó wọn kí òógùn wọn tó gbẹ, bí Ànábì ṣe wí o! Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lọ́wọ́ olè?

Ìyá Nímọ̀tá dé, yangí pupa ló bá. Ó káwọ́ lérí. “Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ wà nílé. Kí ló ṣe ilẹ̀ mi?”

“Àgbàrá ni. Ká máa dúpẹ́ pé kò wó ilé.”

Àgbàrá! Àgbàrá tó fo ilé gbogbo èèyàn, tó wá họ ti opó nìkan! Obìnrin náà gbin ẹ̀fọ́ sórí yangí. Ó hù, ó pọ́n, ó kú. Ebi wọlé tọ̀ wọ́n.

Bí tibí ṣe ń gbẹ ni ti Alhaji ń yọ. Kí ló wá ṣe? Ó ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí àwọn opó máa wá gba ẹ̀fọ́ nílé òun, sàráà ni. Ó jí erùpẹ̀ opó, ó ń fi ẹ̀fọ́ rẹ̀ ṣàánú opó! Ó rò pé sàráà máa fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀yin èèyàn, ṣé a lè fi ìtọ̀ ṣe àlùwàlá?

Ìyá Nímọ̀tá náà tò sórí ìlà. Ebi ò mọ ìtìjú. Wọ́n fún un ní ìdì kan, ó ń ṣàdúrà fún Alhaji lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí ebè. Ó rí òdú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó rí èèpo ẹyin tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ rún sí i.

“Alhaji, ta ló gbin òdú yìí fún yín?”

“Ó kàn hù ni.”

“Ìyá mi ló fún mi ní irúgbìn rẹ̀. Kò sí lẹ́yìnkùlé ẹlòmíràn ládùúgbò yìí. Erùpẹ̀ mi nìyí, Alhaji.”

“Àsítágífúrúláì! O wá gba sàráà, o tún ń pe onísàráà lólè?”

“Mi ò ní pariwo, sà. Ẹ jẹ́ n bù díẹ̀ padà kí òjò yìí tó lọ. Nítorí àwọn ọmọ yìí ni.”

Alhaji gba ìdì ẹ̀fọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. “Wàláhì, mi ò mú ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ilẹ̀ rẹ.”

Háà! Ó fi Ọlọ́run búra! Obìnrin náà kò ṣépè. Ó ní, “Ó dáa. Mo fi yín lé Ọlọ́run lọ́wọ́.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ kíá, ẹ bẹ olúwa rẹ̀. Alhaji ò bẹ̀ ẹ́. Àwọn tó wà lórí ìlà ńkọ́? Wọ́n gba ẹ̀fọ́ wọn, wọ́n lọ sílé.

Obìnrin náà kó lọ sí abúlé ìyá rẹ̀, ó ń ru kọnkéré fún àwọn bíríkìlà kí àwọn ọmọ lè jẹun. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọn ò rówó ọsibítù.

Ìgbà tó ṣe, àìsàn dá Alhaji náà gúnlẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ń lọ. Ó ní, “Ẹ bá mi pe Ìyá Nímọ̀tá, kó wá yọ̀ǹda mi.”

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. “Bàbá, Ìyá Nímọ̀tá ti kú látèṣí.”

Bàbá náà sunkún bí ọmọdé. Nímọ̀tá ni wọ́n rí pè wá. Alhaji jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un lójú wa, èmi náà jókòó síbẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, gba owó, gba ilẹ̀, sáà ti yọ̀ǹda mi.”

Ọmọ náà kò bínú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ìpín tèmi tó wà níbẹ̀, mo yọ̀ǹda. Ti ìyá mi, mi ò ní àṣẹ rẹ̀. Ẹ ó bá wọn lọ́hùn-ún.”

Kò pẹ́ tí Alhaji fi kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní wọn kò ní gbé bàbá àwọn lọ síbi kankan, inú ilé ló máa sùn. Ilé ti gba gbogbo iwájú, ẹ̀yìnkùlé nìkan ló ṣófo. Ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́. A kírun sí i lára, a gbé e wọlẹ̀, wọ́n sì mú ṣọ́bìrì. Ẹ̀yin èèyàn, erùpẹ̀ dúdú yẹn ni wọ́n ń wọ́ lé e. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ni ín.

Ẹ tẹ́wọ́. Ìwọ Ọba tí a kò lè purọ́ fún, bí ẹ̀tọ́ ẹnì kan bá wà lọ́rùn wa, jẹ́ ká bá a láyé. Fún wa ní ojú tí a ó fi wò ó àti ẹnu tí a ó fi bẹ̀ ẹ́. Má fi ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn sin wá. Fi wá mọ ọ̀nà kí ilẹ̀ tó pa ẹnu dé. Ẹ ṣe àmín kó dún.

Ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun ní ẹni tí òun fẹ́ lọ bẹ̀, kó má dúró gba sàráà tí a fẹ́ pín. Dìde, máa lọ báyìí.