Ẹnu Mi Ni Bàbá Yẹn Ti Ṣílẹ̀kùn

Alága ìjókòó yìí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, mo kí yín. Ọ̀gá wa, ìyá tó ń darí ilé ìwé yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá Gírámà, ọ̀gá mi, tí ẹ jókòó níwájú níbẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú, ẹ kú ìjókòó, sà. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, ìyá mi aránṣọ tí wọ́n sá lọ sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tí a kò pè, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì ìkẹyìn tí wọ́n ní kí ẹ lọ há ara yín mọ́ bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ẹ̀yin ni mo kí kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìgbà tí ètò ìdágbére yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ti ń yìn mí, tí mo ń wo ilẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò wa ní bí àwọn bá ń kọjá lẹ́bàá kíláàsì mi, ibẹ̀ máa ń pa lọ́lọ́ débi pé àwọn a máa yọjú lójú fèrèsé, bóyá mo ti fún àwọn ọmọ ní oògùn oorun. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá tó ń bójú tó yàrá ìkàwé ní Tíṣà Jẹ́jẹ́ ni àwọn ọmọ ń pè mí, pé torí ohùn mi kéré ni wọ́n ṣe ń dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. Òótọ́ nìyẹn. Alága wá dìde, wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ràn jù lára mi ni pé n kì í parọ́. Ibẹ̀ ni omi tí mò ń mu ti pá mi lórí. Ẹ rò pé ikọ́ lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọpẹ́ ṣáájú, torí bí mo bá kọ́kọ́ sọ èyí tó wà nínú mi, ẹ lè máà dúró gbọ́ ọpẹ́ náà.

Ìyá mi, ẹ ṣé. Nígbà tí mo jáde ilé ìwé girama tí ọ̀nà kò tíì là, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ yín ni mo jókòó sí, tí mo ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì sókè bí ẹ ti ń ran ṣòkòtò oníṣòkòtò. Bóyá lẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́wàá. Síbẹ̀ ẹ máa ń dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, ẹ ó ní, "Tún ibẹ̀ yẹn kà, ó dùn-ún gbọ́." Ẹ̀yin ni kíláàsì mi àkọ́kọ́.

Bàbá Gírámà, ẹ̀yin lẹ mú mi wọ ibí. Ojú yín ti ń ṣú nígbà náà, ẹ sì ń wá ẹni tí yóò máa ka ìwé fún kíláàsì. Èmi ń kà, ẹ̀yin ń ṣàlàyé. Bí mo bá ti sáré, ẹ ó fi ìka kan tábìlì: "Fara balẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò kánjú." Bí a bá dé ibi tó korò tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú, ẹ ó ní, "Ẹ sunkún, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ máa kọ̀wé bí ẹ ti ń sunkún." Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, ọ̀gá wa ní kí n máa bá iṣẹ́ náà lọ. Mo ní n kò ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Wọ́n ní, "Ìwé ẹ̀rí á bá ọ lójú ọ̀nà. Wọlé lọ, àwọn ọmọ ń pariwo." Àwọn náà ló kọ ọ̀rọ̀ rere nípa mi tí kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́ fi gbà mí, tí a fi pé jọ lónìí. Ọ̀gá mi, ẹ ṣé, mà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo sọ ọ́ fún yín nínú ọ́fíìsì láàárọ̀, ẹ sì ní kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé, ká má ba ayẹyẹ jẹ́. Ẹ má bínú. Inú gbọ̀ngàn yìí ni a ti dójú ti àwọn ọmọ yẹn. Inú rẹ̀ náà ló yẹ kí n ti sọ ọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé wọ́n dá èsì ìdánwò lítíréṣọ̀ kíláàsì ìkẹyìn dúró. Àwọn elétò ìdánwò ní àwọn ọmọ wa jíwèé wò. Ẹ̀rí wọn ni pé gbogbo kíláàsì kọ ohun kan náà, ohun náà kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n bi wọ́n léèrè lórí rẹ̀. Ẹ pe ìpàdé síbí. Ẹ bi àwọn ọmọ pé ta ló fún wọn ní ìdáhùn. Wọ́n dákẹ́. Bàbá kan láàárín yín ní, "Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe mulẹ̀? Olè tó mulẹ̀ nìyẹn." Mo wà níbẹ̀. Mo jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, mo sì bá wọn dákẹ́.

Èmi ni mo fún wọn ní ìdáhùn. Kì í ṣe lọ́jọ́ ìdánwò, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀. Ojú pátákó ni mo kọ ọ́ sí.

Ìwé náà jẹ́ ìtàn àtijọ́ kan láti ilẹ̀ àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí wọ́n ti fi ń kọ́ ọmọ láti ayé àwọn bàbá wa. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan wà nínú rẹ̀, ó ní ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà fẹ́ ẹni tí bàbá kò fẹ́, ó sì bá a lọ. Ọkùnrin náà kú. Ọmọ padà wálé lọ́jọ́ tí òtútù mú kọjá sísọ, ó kan ilẹ̀kùn. Bàbá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé òun ni. Nínú ìwé, ìbínú kò jẹ́ kó ṣí i. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bá ọmọ náà, ó ti kú.

Ẹ̀dà ìwé yìí kò pọ̀ nílé ìwé wa. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ni wọ́n ń gbé. Torí náà, bí mo ṣe ń kọ́ ọ nìyí: mo máa ń kọ́kọ́ sọ apá kan ìtàn náà ní èdè wa, kó lè wọ̀ wọ́n nínú, ká tó wá kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. N ó wá kọ gbólóhùn tó ṣe kókó sójú pátákó, wọn ó dà á kọ. Ọ̀nà tó dáa ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi èdè elédè kọ́ ọmọ rí á mọ̀.

Lọ́jọ́ tí a dé orí tó kẹ́yìn, mo sọ ọ́ débi tí ọmọ ti ń kan ilẹ̀kùn, mo dúró díẹ̀ kí n mí. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, olórí kíláàsì, dìde láìnawọ́. Ọmọ káfíńtà wa ni. Ohun tó ń lọ nínú ilé wọn nígbà náà, n kò ní sọ ọ́ níbí. Mo mọ̀ ọ́n, òun náà sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Tíṣà, ó ṣílẹ̀kùn, àbí kò ṣí i?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ó ṣí i."

Ẹyin lohùn; bó bá bọ́, a kì í tún un kó. Gbogbo kíláàsì mí kanlẹ̀. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Mo sọ fún yín. Bàbá tó burú náà, bàbá ni." Wọ́n ní kí ni bàbá wá sọ? Ẹni tó bá ti pa irọ́ àkọ́kọ́, èkejì kì í wúwo mọ́. Mo ní ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo ọmọ, ó ní, "Wọlé, iná ṣì wà nínú ààrò." Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sójú pátákó. Mo tún fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn, bí ẹni pé inú ìwé ni mo ti yọ ọ́.

Mo fẹ́ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá Kékeré ti dé kíláàsì ṣáájú mi lọ́jọ́ náà, ó ń nu pátákó, ó ń kọrin lábẹ́nu. Ó nu gbogbo rẹ̀ tán, ó yọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́? Mo ní a ó ka ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, mo ní ká kọ́kọ́ ṣe àròkọ. Wọ́n fẹ́ yá ìwé náà lọ́wọ́ mi, mo ní ó ti gbó, n kò fẹ́ kó ya. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bàbá Gírámà, àìmọye ìgbà ni mo ti ka ojú ewé yẹn fún kíláàsì yín, ẹ̀yin gan-an sì lè kà á láìwòwé. Ẹ kọ́ mi pé kí n jẹ́ kí wọ́n sunkún. Mo rò pé àánú mi ju tiyín lọ. Kì í ṣe àánú. Ó wù mí kí wọ́n máa wò mí bí wọ́n ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn ni.

Ìdánwò dé. Wọ́n ní kí wọ́n kọ nípa bàbá náà ní ìparí ìtàn. Àwọn ọmọ yín fara balẹ̀. Wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní. Gbogbo wọn ló ṣílẹ̀kùn, gbogbo wọn ló bọ́ kóòtù, gbogbo wọn ló fa ọ̀rọ̀ iná ààrò yọ, pẹ̀lú àmì àyọlò. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń máàkì níbi tó jókòó sí, tí iná tí kò sí nínú ìwé ń jó lójú rẹ̀ láti orí ìwé ọmọ kan dé orí ti èkejì. Kí ni ẹ fẹ́ kó rò? Ká ní èmi ni, n ó ní wọ́n jíwèé wò ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìdánwò tí Ọ̀gá Kékeré wá bá mi níbi tí mo ti ń ti fèrèsé kíláàsì. Ó ní, "Tíṣà, àwọn ọmọ ilé ìwé òdìkejì ní kò ṣílẹ̀kùn o. Wọ́n ní ọmọ náà kú." Mo ń ti fèrèsé tí mo ti tì tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, mà. A ò ní sọ." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ ló ní àwọn ò ní sọ. Èmi àgbà wá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ bú wọn, wọn kò sọ. Ẹ yọ wọ́n nínú ẹgbẹ́ akọrin, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́ orin lónìí, wọn kò sọ. Bàbá káfíńtà, mo gbọ́ pé ẹ kò bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ látìgbà náà, pé ẹ ní ẹ kò bí olè. Òótọ́ ni, sà. Ẹ kò bí olè. Ẹ bí ẹni tó lè pa àṣírí mọ́ fún ẹni tí kò yẹ.

Èyí tó ń jẹ mí jù nìyí. Bàbá Gírámà, nígbà tí ẹ gbọ́ ìròyìn náà, ẹ ránṣẹ́ pè mí sílé. Ẹ ní, "Kí ni àwọn ọmọ náà kọ gan-an?" Mo ní, "N kò mọ̀, sà." Ojú yín kò ríran dé ojú mi, mo sì dúpẹ́ nínú mi pé kò rí i. Èmi tí ẹ fi ṣe ojú.

Alága, mo rí i pé ẹ ti dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ó kù díẹ̀. Mo gbọ́ ìyá tó ní, "Ẹ gba máíìkì lọ́wọ́ rẹ̀." Mà, èmi fúnra mi máa gbé e sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ni àwọn elétò ìdánwò fẹ́ fagi lé èsì náà pátápátá. Mo ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá wa, bí wọ́n bá ṣì fẹ́ bá mi lọ. Bí wọn kò bá fẹ́, n ó dá lọ. N ó sọ fún wọn pé nínú ìwé, bàbá yẹn kò ṣílẹ̀kùn. Ẹnu mi ló ti ṣí i. Àwọn ọmọ kò ní gba máàkì kankan lórí ìbéèrè yẹn, kò sì yẹ kí wọ́n gbà á, torí ohun tí wọ́n kọ kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kọ́ ní àṣìṣe yàtọ̀ sí olè. Kí wọ́n fún wọn ní èsì ìyókù. Ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ rere tí ẹ kọ nípa mi, bí ẹ bá fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ kọ́lẹ́jì, n kò ní bẹ̀bẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Báàgì aláwọ tí ẹ fi ta mí lọ́rẹ, mo ti fi í sórí tábìlì. N kò lè gbé e.

Mo ṣàdúrà fún yín. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé ìwé yìí tún rí ẹni tí yóò torí pátẹ́wọ́ ta òótọ́ ọmọ. Kí ẹni tó máa dúró níbi tí mo dúró sí lè ka ìwé náà dé ewé tó kẹ́yìn, kí àwọn ọmọ sì rí ẹni jókòó tì bí wọ́n bá ń sunkún. Bàbá Gírámà, kí ara yín le, kí ẹ rí ẹni tó sàn jù mí lọ tí yóò máa kàwé fún yín. Ìyá mi, ẹ má tẹ orí ba mọ́. Ìtìjú náà, èmi ni mo ni ín. Ẹ̀yin òbí, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká pe ọmọ wa ní orúkọ tí a kò ní lè gbà padà.

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì ìkẹyìn, ẹ dìde. Ọ̀gá Kékeré, ìwọ náà. Má wo bàbá rẹ, dìde. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ yíjú sẹ́yìn kí ẹ wò wọ́n. Kò sí olè kankan lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Èmi ń lọ jókòó o. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tíì jókòó; ẹ jẹ́ kí wọ́n wò yín dáadáa.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi dópin.