Mo Ní Kí Ọmọ Mi Ṣáà Máa Sọ Pé Dáadáa Ni

Ọmọ mi wà nínú yàrá kejì bí mo ti ń kọ èyí. Ògiri kan péré ló wà láàárín wa, síbẹ̀ mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é. Bí mo bá bi í, á ní dáadáa ni. Èmi ni mo kọ́ ọ ní èsì yẹn, òun náà ni kò sì jẹ́ kí n gbádùn mọ́.

Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti dé Houston ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń kọ ìtàn ilé wa sílẹ̀: ọjọ́ tí eyín kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọmọ, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn tó wá kí wa nígbà tí ìyá mi kú. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Nígbà tí Ráfíátù, àbígbẹ̀yìn mi tí a bí sí Sharpstown níbí, lọ fi ọdún kan kàwé ní Stuttgart ní Jámánì, mo ra ìwé tuntun. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè, èmi a sì máa kọ ohun tó bá rí.

Ó ní lọ́jọ́ Àìkú níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí, èèyàn ò sì gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri. Ó ní bí iná ojú títì bá pupa, tí kò tiẹ̀ sí mọ́tò kankan, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn á dúró bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wò. Ó ní nínú ilé tí òun ń gbé, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó kàn láti gbá àtẹ̀gùn. Wọ́n á gbé pátákó kékeré kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn onítọ̀hún, bí kò bá sì gbá a, ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ á gòkè wá bá a. “Mọ́mì, ìyá yẹn le jù yín lọ.”

Èyí tó yà á lẹ́nu jù ni ìkíni wọn. “Tí ẹ bá bi wọ́n pé báwo ni, òótọ́ ni wọ́n máa sọ fún yín o. Ìyá ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ orúnkún ẹ̀ fún mi, ó tó ogún ìṣẹ́jú.”

Bàbá rẹ̀ dá sí i láti orí àga: “A jẹ́ pé kéèyàn gbé ìjókòó dání kó tó kí wọn.” A rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí òtútù dé, ohùn Ráfíátù rẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Àlàájà tó ń darí ẹgbẹ́ obìnrin mọ́ṣáláṣí wa wá kí mi, òun àti obìnrin méjì. Ráfíátù pè. Mo gbé ohùn fóònù sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọmọ mi tó wà ní Jámánì. Ìgbéraga ni, kí n má purọ́. Mo bi í pé báwo ni.

Ó ní, “Mọ́mì, kò dáa. Gbogbo àárọ̀ ni mò ń sunkún. Mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.”

Àwọn àlejò mi wolẹ̀. Ojú tì mí. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: lórí ibùsùn àìsàn pàápàá, “a dúpẹ́” là ń wí. Mo ní, “Má fẹnu ara ẹ pe ibi. Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀ nìyẹn? Sọ pé alihamudulilahi.”

Ó ní, “Dáadáa ni, Mọ́mì. Alihamudulilahi.”

Àlàájà ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, bí ọmọ Mùsùlùmí ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.”

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ohun kan náà ni mo kọ: Ráfíátù ní dáadáa ni. Kò sọ̀rọ̀ iná ojú títì mọ́, kò sọ̀rọ̀ orúnkún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n mo ti di ọmọ mi lẹ́nu. Kí ló dé tí n kò tún bi í? Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè dá mi lóhùn.

Àtẹ̀gùn ló tú àṣírí. Ó kan Ráfíátù láti gbá a, kò gbá a. Ìyá ìsàlẹ̀ fi ìbínú gòkè, ó kanlẹ̀kùn títí, kò gbọ́ ohùn kankan, ló bá pe onílé kó wá fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i. Ọmọ mi ò jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin, omi ti gbẹ lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, bàbá rẹ̀ sì wọ bàálù lọ mú un wálé. Obìnrin tó wá jà nítorí ìgbálẹ̀ ló gbà á là.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò láti lọ síbi iṣẹ́ kí n tó kí i. Ó ní dáadáa ni. Mo ní kó sọ òótọ́.

Ó wò mí. “Ṣé ẹ ráyè?”

Mo jókòó. Ó ní dókítà òun ní Westchase níbí ti gbà pé òun lè padà sí Jámánì lọ parí ọdún náà, ìyá ìsàlẹ̀ sì ń kọ lẹ́tà béèrè òun. “Nílé yìí, Mọ́mì, mo ní láti yá kíákíá kójú má baà tì yín.”

Bàbá rẹ̀ ní kò níbi tó ń lọ. Ọwọ́ mi ni Ráfíátù ń wò, ó sì gbọ́dọ̀ fún ilé ìwé lésì kí oṣù yìí tó parí. Bí mo bá jẹ́ kó lọ, òtútù yẹn lè gbà á lọ́wọ́ mi. Bí mo bá dá a dúró, ó lè máa kú lọ lójú mi, kó máa ní dáadáa ni. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń ka èyí, kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kò séwu, pé Ọlọ́run á ṣe é. Mo mọ ìyẹn sọ jù yín lọ.